Ehoro tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Walt Disney

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ya kátúùnù wá bá mi pẹ̀lú ìwé àdéhùn olójú ewé mẹ́rin. Ó ní kí n bá òun wò ó. Mo bi í bóyá ó ti fọwọ́ sí i. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n, ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́jọ. Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Àwa lọ́yà mọ irú èyí dáadáa: tí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán làwọn èèyàn máa ń rántí ọ̀nà ọ́fíìsì wa.

Ohun tó wà nínú ìwé yẹn ò ta kókó rárá. Ọmọ náà ya ìjàpá kan tó wọ bàtà kánfáàsì, tó máa ń sáré lé dáńfó kiri Èkó. Ìjàpá yìí gbajúmọ̀ díẹ̀ lórí Instagram, ni ilé iṣẹ́ kan bá pè é pé kó fi ṣe fídíò kúkúrú mẹ́ta fáwọn. Wọ́n sanwó, inú rẹ̀ dùn. Àmọ́ lójú ewé kẹta, gbólóhùn kan wà níbẹ̀ pé orúkọ ìjàpá náà, ìrísí rẹ̀, àti ohunkóhun tí wọ́n bá fi ṣe lọ́jọ́ iwájú, ti di ti ilé iṣẹ́ náà títí láé. Ní báyìí, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di eré alápá mẹ́wàá, ẹlòmíì ni wọ́n sì fẹ́ kó máa yà á.

Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí ibi tá a lè gbà yọ. Nígbà tí mo rí i pé ojú ọmọ náà ti ń pọ́n, mo sọ ìtàn ẹnì kan fún un, ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa àmọ́ tí ò mọ ohun tójú ẹ̀ rí. Ìtàn yẹn náà ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé Disney kàn jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ ni. Rárá o, èèyàn ni. Ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 1901 ni wọ́n bí Walter Elias Disney ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, òun sì ni ọmọ kẹrin nínú márùn-ún. Bàbá rẹ̀, Elias, ṣe káfíńtà, ó tún ṣe àgbẹ̀, kò sì sí èyí tó sọ ọ́ di olówó. Nígbà tí oko tí wọ́n ń dá ní Marceline, ní ìpínlẹ̀ Missouri, ò lọ mọ́, wọ́n kó lọ sí Kansas City lọ́dún 1911. Níbẹ̀, bàbá ra ẹ̀tọ́ láti máa pín ìwé ìròyìn fún àwọn ará àdúgbò kan, ló bá kó iṣẹ́ náà fáwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Walt, tí ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, á ti dìde kí ilẹ̀ tó mọ́, nínú yìnyín, kó tó lọ sí iléèwé. Bàbá ò san kọ́bọ̀ fún un. Ẹ rántí Roy, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ, tí wọ́n jọ ń pín ìwé ìròyìn yẹn. Láìsí Roy, mi ò ní nǹkan kan tí mo fẹ́ kọ lónìí.

Walt fẹ́ràn àwòrán yíyà láti kékeré. Nígbà tó máa fi di ọmọ ogún ọdún, ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tó ń fi kátúùnù polówó ọjà ní Kansas City, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ub Iwerks, tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti Walt lọ nídìí àwòrán. Lọ́dún 1922, Walt dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Laugh-O-gram Films. Ó gba àwọn ọ̀dọ́ síṣẹ́, wọ́n ń ṣe àwọn ìtàn ìgbà ìwáṣẹ̀ bíi Cinderella ní kátúùnù.

Ọdún yẹn náà ló fọwọ́ sí àdéhùn ńlá àkọ́kọ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Pictorial Clubs fẹ́ fíìmù mẹ́fà, wọ́n á san dọ́là 11,100. Ẹni tó bá gbọ́ iye yẹn nígbà náà á ní ọmọ náà ti là. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe fẹ́ san án: 100 dọ́là péré ni wọ́n mú wá sílẹ̀, ìyókù di ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1924, lẹ́yìn tí gbogbo fíìmù bá ti dọ́wọ́ wọn. Ìyẹn ni pé Walt ni yóò ra ọ̀dà, ra fíìmù, san owó ilé, san owó òṣìṣẹ́, kó tó rí owó rẹ̀ gbà. Kí ọjọ́ ìsanwó tó pé, Pictorial Clubs ti wọ gbèsè, wọ́n ti kógbá sílé. Nígbà tó di ọdún 1923, Laugh-O-gram náà tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe freelance, ẹ mọ oníbàárà tí mò ń sọ. Òun ló máa ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe é tán, owó ń bọ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí, oníbàárà náà ò tíì kú.

Walt wọkọ̀ ojú irin lọ sí Hollywood nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1923. Wọ́n ní bíi 40 dọ́là ló wà lápò rẹ̀. Roy wà nítòsí ibẹ̀, ní ilé ìwòsàn àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ikọ́ fée tó ń bá a jà. Ní oṣù Kẹwàá, alágbàtà fíìmù kan ní New York, obìnrin kan tó ń jẹ́ Margaret Winkler, ránṣẹ́ pé òun á ra eré Walt kan tó ń jẹ́ Alice, tí ọmọbìnrin gidi kan ti ń rìn láàárín àwọn kátúùnù, ní dọ́là 1,500 lórí fíìmù kọ̀ọ̀kan. Walt gba ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ó ní kó jẹ́ káwọn jọ ṣe é. Roy dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Àbúrò bàbá wọn, Robert, yá wọn ní 500 dọ́là. Disney Brothers ni wọ́n pe ilé iṣẹ́ náà níbẹ̀rẹ̀, ìyẹn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Walt ń wá ìtàn, Roy ń wá owó. Bí wọ́n ṣe pín in nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe wà títí ikú fi yà wọ́n.

Ká wá bọ́ sórí ehoro. Winkler ti fẹ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Charles Mintz, ọkùnrin yìí ló sì wá ń darí òwò náà. Lọ́dún 1927, ilé iṣẹ́ Universal ń wá kátúùnù tuntun, Mintz sì gba iṣẹ́ náà fún sítúdíò àwọn Disney. Walt àti Ub ṣe ehoro kan, Oswald. Ehoro náà mìlú. Dọ́là 2,250 ni wọ́n ń gbà lórí fíìmù kan.

Ní oṣù Kejì ọdún 1928, Walt àti Lillian ìyàwó rẹ̀ lọ sí New York. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kí wọ́n fi owó kún owó, torí ọjà ń tà. Mintz ní dípò kí òun fi kún un, òun máa gé e wá sí 1,800 ni. Tí Walt ò bá fẹ́, kò burú, torí òun ti bá ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ayàwòrán Walt sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti fọwọ́ síwèé láti máa bá òun ṣiṣẹ́. Walt kọ́kọ́ rò pé irọ́ ni. Ó bá Roy sọ̀rọ̀ nílé pé kó wádìí. Òótọ́ ni.

Ṣé kì í ṣe Walt ló ni ehoro yẹn ni? Òun kọ́. Ìwé sọ pé Universal ló ni ín. Walt àtàwọn ọmọ rẹ̀ ya Oswald nínú fíìmù 26, àmọ́ alágbàṣe ni wọ́n jẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò sí ẹni tó ja Walt lólè lójú òfin. Ohun tó dun èèyàn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Tí wọ́n bá jà ọ́ lólè, o lè pariwo, o lè lọ sí kóòtù. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ara rẹ lo fi sáìn ín ńkọ́?

Ohun tí Walt ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló yà mí lẹ́nu. Kò bẹ̀ Mintz, kò sì gba 1,800 náà. Ó wọkọ̀ ojú irin padà sí California láìní ehoro, láìní àdéhùn, pẹ̀lú ìpinnu kan pé òun ò ní ya ohun tí kì í ṣe tòun mọ́ láyé. Ìtàn tó máa ń sọ nígbà tó dàgbà ni pé inú ọkọ̀ ojú irin yẹn ni ọ̀rọ̀ eku ti sọ sí òun lọ́kàn. Ohun tó dájú ni pé Ub Iwerks, ọ̀kan nínú àwọn díẹ̀ tí Mintz ò rí rà, ló jókòó ya fíìmù Mickey Mouse àkọ́kọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òun nìkan. Ìkọ̀kọ̀ ló ti yà á, torí àwọn tó ń lọ bá Mintz ṣì wà nínú ilé náà tí wọ́n ń parí iṣẹ́ Oswald.

Ẹnikẹ́ni ò ra fíìmù Mickey méjì àkọ́kọ́. Sinimá tó ń sọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, Walt bá ní kẹta gbọ́dọ̀ ní ohùn. Kí wọ́n lè rówó san fáwọn olórin tó ń bá wọn gba ohùn sílẹ̀ ní New York, wọ́n ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí Walt fẹ́ràn. Ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1928 ni Steamboat Willie jáde ní Colony Theatre ní New York, eku sì di ìràwọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wá, wọ́n ní àwọn á ra eku náà tàbí kí àwọn ra Walt. Walt ní òun ò tà.

Àmọ́ ẹni ejò ti bù jẹ rí, ejò míì ṣì lè bù ú jẹ. Pat Powers, ọkùnrin tó ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi gba ohùn sílẹ̀, ló tún ń bá wọn ta fíìmù náà. Owó tó ń fi ránṣẹ́ ò jọ owó ọjà tó ń tà. Nígbà táwọn Disney ní kó mú ìwé ìṣirò wá, ó fi ìwé míì hàn wọ́n: Ub Iwerks ti bá a sáìn. Ub tó ní ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ilé iṣẹ́ náà gba dọ́là 2,920 fún ìpín rẹ̀, ó sì lọ. Oṣù Kìíní ọdún 1930 nìyẹn. Ẹ ṣírò ohun tí ìpín yẹn ì bá tó lónìí tí ẹ bá lè ṣe é, orí á fọ́ yín. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ìyàtọ̀ kan wà. Mintz kó ayàwòrán lọ, ó kó ehoro lọ pẹ̀lú wọn. Powers kó ayàwòrán tó mọ̀ ọ́n yà jù lọ, ó sì fi eku sílẹ̀, torí orúkọ Disney ló wà lórí ìwé. Columbia yá wọn lówó, wọ́n fi yọ ara wọn lọ́wọ́ Powers, iṣẹ́ ń lọ.

Ibi tí ọgbọ́n òwò wọ̀ ọ́ gan-an ló kàn. Kátúùnù kúkúrú ò fi bẹ́ẹ̀ mú owó wọlé. Àfikún lásán ni àwọn onísinimá kà á sí, fíìmù gígùn ni wọ́n ń torí ẹ̀ sanwó. Bẹ́ẹ̀, Walt ò yé fi owó kún owó iṣẹ́. Lọ́dún 1932, ó fi Flowers and Trees ṣe kátúùnù aláwọ̀ mèremère, ó gba Oscar, ó sì bá Technicolor ṣe àdéhùn tí kò jẹ́ kí àwọn oníkátúùnù yòókù lè lo àwọ̀ tuntun náà fúngbà díẹ̀. Gbogbo èyí dáa, àmọ́ níbo lowó ń gbà wọlé?

Ara aago ọwọ́ ló ń gbà wọlé. Ara bàtà, ike, bẹ́líìtì àti páálí ẹ̀kọ́. Lọ́dún 1929, ọkùnrin kan san 300 dọ́là fún wọn kó lè ya Mickey sára ìwé táwọn ọmọ iléèwé fi ń kọ nǹkan. Ó dà bí eré. Nígbà tó di ọdún 1932, wọ́n gba Kay Kamen, ọ̀gá nídìí ìpolówó ọjà, pé kó máa bójú tó irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Kamen ń fún àwọn oníléeṣẹ́ láṣẹ láti lo Mickey, àwọn náà ń san owó lórí ọjà tí wọ́n bá tà. Lọ́dún 1933, ilé iṣẹ́ Ingersoll-Waterbury gbé aago Mickey Mouse jáde. Láàárín ọdún méjì, èyí tí wọ́n tà ti lé ní mílíọ̀nù 2, lásìkò tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ gan-an. Aago yẹn yọ àwọn tó ń ṣe é kúrò nínú gbèsè. Àwọn Disney ò rọ irin kankan, wọn ò gba alágbẹ̀dẹ. Wọ́n kàn ní eku ni.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ká ní àdéhùn Mickey rí bíi ti Oswald ni, Walt á kàn máa rí aago yẹn lọ́wọ́ àwọn ọmọdé ládùúgbò ni, kò ní kàn án.

Owó yẹn ló fún un láyà láti ṣe ohun tí gbogbo Hollywood pè ní ìwà wèrè. Ó ní òun fẹ́ ṣe kátúùnù gígùn, èyí táwọn èèyàn á jókòó wò fún ohun tó lé ní wákàtí kan. Roy bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Snow White jẹ́ ìtàn àwọn ará Jámánì àtijọ́, kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun ló ni ín, gẹ́gẹ́ bí kò ṣe sẹ́ni tó ni Ìjàpá inú àlọ́ wa. Àmọ́ àwọn aràrá méje tí Walt fún ní orúkọ, ojú àti ìrìn, tirẹ̀ nìyẹn. Nǹkan bí 250,000 dọ́là ni wọ́n kọ́kọ́ fojú bù. Nígbà tó máa fi parí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Owó tán láàárín, Roy bá ní àfi kí Walt gbé iṣẹ́ tí ò tíì parí han ọ̀gá kan ní Bank of America, Joseph Rosenberg. Wọ́n fi í hàn án báyẹn, apá ibì kan láwọ̀, apá ibì kan ní pẹ́ńsùlù. Báǹkì yá wọn. Fíìmù náà jáde lọ́jọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1937, owó tó pa wọlé nígbà àkọ́kọ́ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 8 dọ́là.

Wọ́n kọ́ sítúdíò tuntun sí Burbank. Ibi tí ìtàn yìí ti korò nìyí, mi ò sì ní fi pa mọ́ fún yín.

Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Yúróòpù lọ́dún 1939. Pinocchio àti Fantasia jáde lọ́dún 1940, ọjà Yúróòpù ti pa dé, àwọn méjèèjì pàdánù owó. Gbèsè báǹkì kọjá mílíọ̀nù 4 dọ́là. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1940, wọ́n ta ìpín ilé iṣẹ́ náà fáwọn ará ìta fúngbà àkọ́kọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún wá ń bi ara wọn ní ìbéèrè. Ẹni tó ń gba owó gọbọi ń jókòó ti ẹni tí owó rẹ̀ ò tó jẹun, iṣẹ́ kan náà sì ni wọ́n ń ṣe. Àwọn obìnrin tó ń fi tádàwà àti ọ̀dà parí àwòrán ni owó wọn kéré jù. Orúkọ ọ̀pọ̀ wọn kì í jáde lójú fíìmù. Tí o bá rí orúkọ kan, orúkọ Walt Disney ni.

Wọ́n fẹ́ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Walt kọ̀, ó gbà pé bàbá lòun jẹ́ fún wọn. Ó lé Art Babbitt, ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán rẹ̀ tó dáńtọ́ jù, torí pé ó ń ṣe ẹgbẹ́. Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1941, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn gùn lé ìyanṣẹ́lódì, wọ́n tò síwájú géètì. Ìjọba àpapọ̀ ló wá dá sí i, wọ́n sì pàṣẹ kí ilé iṣẹ́ gba ẹgbẹ́ náà wọlé. Walt ò dárí jì wọ́n. Lọ́dún 1947, ó jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin pé Kọ́múníìsì ló wà nídìí ìyanṣẹ́lódì yẹn.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ọkùnrin tó sunkún lórí ehoro tó yà tí ò jẹ́ tiẹ̀, òun náà ló wá kó gbogbo ohun tí ẹgbẹ̀rún èèyàn ń yà sábẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Lójú òfin, ó tọ́ sí i, torí òun ló gbà wọ́n síṣẹ́. Àmọ́ ẹni tó mọ bó ṣe ń dunni ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bínú sí oníbàárà yín lónìí, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́ta, ẹ lọ wo ìwé tẹ́ ẹ gbé fún wọn sáìn.

Lẹ́yìn ogun, nǹkan ò rọgbọ. Owó wọn kan há sí Britain, ìjọba ibẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n kó o jáde. Ẹni tó bá rántí ariwo owó àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tó há sí Nàìjíríà á mọ bó ṣe rí. Kàkà kí wọ́n jókòó máa wò ó, wọ́n fi owó náà ṣe fíìmù Treasure Island síbẹ̀, wọ́n sì tà á káàkiri ayé. Cinderella jáde lọ́dún 1950, ó gbé wọn dìde. Lọ́dún 1953, Roy ní ó tó gẹ́ẹ́ pẹ̀lú àwọn alágbàtà, wọ́n dá ilé iṣẹ́ ìpínfíìmù tiwọn sílẹ̀, Buena Vista. Ó gba ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn Margaret Winkler kí wọ́n tó lè ta ọjà wọn fúnra wọn.

Walt ní òun fẹ́ kọ́ ọgbà ìgbafẹ́. Roy ní wọn ò lówó. Walt dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yáwó lórí ìbánigbófò ẹ̀mí ara rẹ̀, ó sì mú kí ilé iṣẹ́ tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ ní máa sanwó kí wọ́n tó lè lo orúkọ Walt Disney. Ẹ ò rí nǹkan! Ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Àmọ́ Roy yìí kan náà ló padà wá owó. Lọ́dún 1954, ó bá ABC ṣe àdéhùn: Disney á máa ṣe ètò tẹlifíṣọ̀n fún wọn, ABC á fi 500,000 dọ́là ra ìpín tó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta ọgbà náà, á sì ṣe onídùúró fún ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 4.5. Disneyland ṣí lọ́jọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1955. Lọ́dún 1960, wọ́n san mílíọ̀nù 7.5 dọ́là láti ra ìpín náà padà. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́gbọ́n.

Nǹkan kan ṣì ń dùn wọ́n. Ilẹ̀ Disneyland ò ju nǹkan bí éékà 160 lọ, àwọn ẹlòmíì ló kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì yí i ká, tí wọ́n ń jẹun lórí èrò tí Walt pè wá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ èkejì ní Florida, orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀ ni wọ́n fi rọra ń ra ilẹ̀, títí ó fi tó éékà 27,000. Walt ò rí i kó parí. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa á lọ́jọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 1966, lẹ́ni ọdún 65. Roy tó ti fẹ́ fẹ̀yìn tì ló parí rẹ̀. Ó ní Disney World nìkan ò tó, wọ́n gbọ́dọ̀ pè é ní Walt Disney World, kí aráyé má gbàgbé ẹni tó ronú rẹ̀. Wọ́n ṣí i ní oṣù Kẹwàá ọdún 1971. Roy kú ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn.

Oswald ńkọ́? Ó padà sílé lọ́dún 2006, ogójì ọdún lẹ́yìn ikú Walt. Ilé iṣẹ́ Disney yọ̀ǹda Al Michaels, gbajúmọ̀ atọ́kùn eré ìdárayá tó wà lọ́dọ̀ wọn, fún NBCUniversal, ehoro sì wà lára ohun tí wọ́n gbà padà. Mickey inú Steamboat Willie náà ti kúrò lábẹ́ copyright ní Amẹ́ríkà láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2024. Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù Kejì, sítúdíò tí Walt dá sílẹ̀ gbé Iwájú jáde pẹ̀lú àwọn ọmọ Kugali, eré tó dá lórí Èkó wa yìí. Ẹ rí i pé wọ́n ti ń wá wa wá. Ìwé náà á tẹ̀ lé wọn wá.

Òfin Copyright tiwa ti ọdún 2022 sọ ọ́ gbangba pé ẹnikẹ́ni ò lè gba copyright rẹ kó di tirẹ̀ láìsí ìwé. Kò dìgbà tó o bá forúkọ sílẹ̀ níbì kankan kí iṣẹ́ rẹ tó jẹ́ tìrẹ. Gbàrà tó o ti yà á, o ti ni ín. Ohun kan ṣoṣo tó lè gbà á kúrò lọ́wọ́ rẹ láàyè ni ìwé tí wọ́n bá fọwọ́ sí. Torí náà, tí oníbàárà bá fẹ́ fídíò mẹ́ta, ta fídíò mẹ́ta fún un. Jẹ́ kó lò ó fún iye ọdún tí ẹ bá jọ sọ. Tó bá fẹ́ ra ìjàpá fúnra rẹ̀, iye rẹ̀ yàtọ̀, kó sọ ọ́ síta. Tí kíka ìwé bá sú ọ, wá Roy tìrẹ, ẹ̀gbọ́n, ìyàwó tàbí ọ̀rẹ́ tí òǹkà kì í sú. Kó o sì fún Roy náà ní ìpín tó tọ́ sí i.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn gbọ́ ìtàn náà tán, kò sọ nǹkan kan. Ó ká ìwé àdéhùn rẹ̀ sínú báàgì, ó dúpẹ́, ó lọ. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: àgbìgbò kan tó de fìlà abetí ajá, tó ń wò mí bíi pé mo jẹ ẹ́ lówó. Abẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí pé ẹnì kan ti ń béèrè rẹ̀, òun ò tíì sáìn nǹkan kan, ìgbà wo ni kí òun gbé ìwé náà wá kí n kà á?

Mo ní kó máa bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.